Ọ̀dọ́langba Lẹ́nu Ọ̀nà Àtìmọ́lé

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 16 lè gba ìwé ìwakọ̀, ó lè máa ṣiṣẹ́ gbowó ní ilé ìtajà lẹ́yìn iléèwé, ó sì lè dá wọ bọ́ọ̀sì láti òpin ìlú kan dé òpin ìkejì. Ṣùgbọ́n bí bàbá tàbí ìyá ọmọ náà bá wà ní àtìmọ́lé káúńtì, tó sì lọ wò ó láìmú àgbàlagbà kan dání, àfàìmọ̀ kí wọ́n má dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Òfin pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ dá wọlé wọ́pọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Lójú ẹni tọ́ràn kò kàn, kékeré lọ̀rọ̀ yìí. Fún ọ̀dọ́langba tó wà nídìí ẹ̀, òun ló ń sọ bóyá yóò fojú kan òbí rẹ̀ kí ẹjọ́ tó parí tàbí kò ní fojú kàn án.

Àtìmọ́lé káúńtì yàtọ̀ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ní Nàìjíríà, inú ọgbà kan náà ni ẹni tí adájọ́ ti rán lẹ́wọ̀n àti ẹni tó ṣì ń retí ìdájọ́ sábà máa ń wà, bí ó ti rí ní Agodi n'Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba àpapọ̀ ló ni ọgbà ẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi sí, tí ẹ̀wọ̀n wọn ju ọdún kan lọ. Káúńtì ló ni àtìmọ́lé, káúńtì sì jẹ́ irú ìjọba ìbílẹ̀ kan tó ní ilé ẹjọ́ àti agbófinró tirẹ̀. Ṣẹ́rífù ni ọ̀gá àtìmọ́lé náà, ìbò ni wọ́n sì fi ń yàn án ní ọ̀pọ̀ jù lọ ibi. Oríṣi èèyàn méjì ló ń wà níbẹ̀: ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀wọ̀n tí kì í sábà ju ọdún kan lọ, àti ẹni tí wọn kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀, yálà nítorí pé adájọ́ kọ̀ láti fún un ní béèlì tàbí nítorí pé kò rí owó béèlì san. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló pọ̀ jù. Ní àárín ọdún 2022, àwọn tó wà ní irú àtìmọ́lé bẹ́ẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà tó 663,000. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bí 70 ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Lójú òfin, aláìṣẹ̀ ṣì ni wọ́n.

Bí èèyàn bá wo iye yẹn nìkan, yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà kò tó bó ṣe tó, nítorí àtìmọ́lé kì í ṣe ibi tí wọ́n ń pẹ́ sí. Láàárín ọdún kan tó parí ní oṣù kẹfà 2022, ó lé ní ìgbà mílíọ̀nù 7 tí wọ́n ti èèyàn mọ́lé, ìpíndọ́gba ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lò níbẹ̀ jẹ́ 32. Ìpíndọ́gba ni o. Ẹlòmíràn kò ju òru kan lọ, ẹlòmíràn tí ẹ̀sùn rẹ̀ wúwo lè lo ọdún kan tàbí méjì kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá àwáwí lè sọ pé níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ kò ti ní pẹ́ jáde, kí ọmọ ṣe sùúrù kó dúró dè wọ́n nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni ilé máa ń dàrú jù: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òbí, owó ilé ń sún mọ́lé, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò gba àwọn ọmọ sọ́dọ̀.

Nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí, ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ ju pé màmá òun kò sí nílé lọ. Ọmọ ọdún 15 mọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Òun ló ń mú àbúrò lọ sí iléèwé, òun ló ń gbọ́ bí àwọn ẹbí ṣe ń sáré owó béèlì lórí fóònù, òun náà ni olùkọ́ ń bi pé kí ló dé tó ń sùn nínú kíláàsì. Ó ní ohun tó fẹ́ béèrè. Níbo ni ìwé ilé wà? Ta ni ká pè níbi iṣẹ́? Ṣé lọ́yà ti yọjú? Ìbéèrè kan sì wà tí kò lè bi ẹlòmíràn: ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ní ẹ ṣe yẹn? Èyí tó ká a lára jù yìí ni lọ́yà á ti kìlọ̀ fún òbí rẹ̀ pé kó má dáhùn, nítorí pé wọ́n sábà máa ń gba ohùn sílẹ̀ lórí tẹlifóònù àtìmọ́lé, wọ́n sì lè gbé e wá sílé ẹjọ́.

Àwọn ọmọ tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí kò kéré. Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2016 láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé 684,500 ẹlẹ́wọ̀n ló ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àwọn ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan àbọ̀. Àwọn ọmọ ará àtìmọ́lé káúńtì kò sí nínú ìyẹn. Ní ọdún kan náà, àjọ Annie E. Casey kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ni òbí wọn ti wọ àtìmọ́lé tàbí ẹ̀wọ̀n rí. Àwọn oníṣègùn náà ti kíyè sí i. Ìwádìí ńlá tí Vincent Felitti àti Robert Anda gbé jáde ní 1998 lórí ìnira ìgbà èwe tó ń ba ìlera jẹ́ lágbà ka ẹ̀wọ̀n ará ilé mọ́ ọn. Nígbà tí ètò tẹlifíṣọ̀n Sesame Street dá Alex sílẹ̀ ní 2013, ìyẹn bèbí tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn. Àmọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni Alex wà fún. Ọmọ tó ti hu irùngbọ̀n kì í wo bèbí, ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ tó sì wà fún àwọn ọmọ ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fi ọmọ kékeré sọ́kàn ṣe.

Òfin pé kí àgbàlagbà tẹ̀ lé ọmọ wá kò burú lójú. Ta ni yóò fẹ́ kí ọmọ dá rìn wọ irú ibẹ̀? Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹni tí àgbàlagbà náà jẹ́. Bí ìyá ló wà látìmọ́lé, ó lè jẹ́ pé bàbá ọmọ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, tí kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí ìyá àgbà ló ń tọ́ ọmọ, ẹsẹ̀ lè máa dùn ún, tàbí kó máà lè wa ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó múra tán láti lọ lè ti ní àkọsílẹ̀ ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, ọ̀pọ̀ àtìmọ́lé kì í sì í gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọlé. Nínú ìdílé àwọn àjèjì, àǹtí tí kò ní ìwé ìgbélùú kò ní fẹ́ kó ara rẹ̀ lọ síwájú ṣẹ́rífù kó fi káàdì hàn. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ tí ìjọba yàn ní láti dúró de òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ náà sì ní ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn lọ́rùn. Nínú gbogbo èyí, ọmọ ò kọ̀, òbí ò kọ̀, káúńtì náà ò ní kí wọ́n má ríra. Ẹni kẹta ni kò sí.

Kí ẹni kẹta wà pàápàá kò mú ìṣòro tán, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀wò fúnra rẹ̀ ṣe ń fi hàn. Àlejò á kọ́kọ́ kọ orúkọ sílẹ̀, á fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, á kó fóònù, kọ́kọ́rọ́ àti báàgì sínú àpótí onírin. Aṣọ ní òfin tirẹ̀: wọn kì í gba aṣọ péńpé, aṣọ tí kò lápá, ṣòkòtò tó ya lórúnkún tàbí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti àwọn tó wà látìmọ́lé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń yẹ irin lára wò. Ọmọbìnrin ọdún 14 tí wáyà inú kọ́mú rẹ̀ mú kí ẹ̀rọ náà dún lójú gbogbo èèyàn lè ní òun kò wá mọ́, ojú tì í. Bó bá kọjá, á jókòó síwájú gíláàsì tó nípọn. Ní ìhà kejì ni òbí rẹ̀ wà. Tẹlifóònù kan ló wà níhà ìhín, wáyà onírin tó so mọ́ ògiri kò gùn, ọ̀kan náà wà níhà ọ̀hún. Ìbẹ̀wò kì í sábà ju ogún ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lọ. Tẹlifóònù kan yìí ni ìyá àgbà, ọmọ ọdún 16 àti àbúrò rẹ̀ yóò máa gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ìyá àgbà ní ọ̀rọ̀ lọ́yà àti owó láti sọ, àbúrò fẹ́ kọrin tí wọ́n kọ́ ọ níléèwé, nígbà tó bá fi máa kan ọ̀dọ́langba, ó kù ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí ni yóò sì sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta náà, pẹ̀lú ìyá àgbà létí rẹ̀? Ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́bìnrin, nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe sí i nílé tó wà, nípa ìbínú tó ń bá òbí rẹ̀ bí, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ lójú gbogbo ayé. Nítorí náà ni ìbẹ̀wò òun nìkan ṣe níye lórí, àní fún ọmọ tí àgbàlagbà rẹ̀ ń múra tán nígbà gbogbo.

Ẹni tó bá rò pé ilé ẹjọ́ lè yanjú èyí yóò dúró pẹ́. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti gbé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀wò yẹ̀ wò, tó sì dúró sẹ́yìn àwọn alákòóso. Ní 1984, nínú ẹjọ́ Block àti Rutherford, àwọn tó ń retí ìdájọ́ ní àtìmọ́lé káúńtì Los Angeles ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fọwọ́ kan àwọn èèyàn àwọn. Ilé ẹjọ́ ní káúńtì lè kọ̀, nítorí oògùn olóró àti ohun ìjà tí àlejò lè fi pamọ́ wọlé. Ní 2003, nínú ẹjọ́ Overton àti Bazzetta, ọ̀rọ̀ kan àwọn ọmọdé gan-an. Ìpínlẹ̀ Michigan ṣòfin fún ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè wọlé àfi tó bá jẹ́ ọmọ, ọmọ ìyàwó tàbí ọmọ ọkọ, ọmọ ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́wọ̀n náà, mọ̀lẹ́bí tó jẹ́ àgbàlagbà tàbí alágbàtọ́ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Kò sí adájọ́ kankan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó tako ìpínlẹ̀ náà. Láti ìgbà yẹn, ó ti hàn gbangba pé ọ́fíìsì ṣẹ́rífù ni ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ dá wọlé ní láti lọ bẹ̀, tàbí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀.

Ọ́fíìsì ṣẹ́rífù ni àwọn ọ̀dọ́ San Francisco gbà lọ. Ìlú yẹn ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 2003, àwọn àjọ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀ kóra jọ, wọ́n sì kọ ẹ̀tọ́ mẹ́jọ sílẹ̀ ní ohùn ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀tọ́ karùn-ún ni pé kí ọmọ lè bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó rí i, kó sì fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Project WHAT! dìde, lábẹ́ àjọ Community Works. Ọ̀dọ́langba tí òbí wọn wà tàbí ti wà lẹ́wọ̀n ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ń gbowó iṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti dúró níwájú àwọn olùkọ́, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sọ ìtàn ara wọn, kí wọ́n sì sọ ohun tó yẹ kó yí padà. Wọ́n kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọmọ bíi tiwọn. Nígbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ara wọn ohun tó ń dí ìbẹ̀wò lọ́wọ́ jù, òfin àgbàlagbà wà lára ohun tó jáde.

Ross Mirkarimi ni ṣẹ́rífù San Francisco nígbà náà, láti 2012 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2016. Àwọn ọ̀dọ́ náà bá ọ́fíìsì rẹ̀ jókòó, òfin sì yí padà: ọmọ ọdún 16 àti 17 lè wá bẹ òbí rẹ̀ wò láìsí àgbàlagbà, bó bá mú káàdì ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí pé òbí rẹ̀ lẹni náà dání. Kò gba owó, kò gba ilé tuntun, kò sì nílò ìbò ìgbìmọ̀ kankan. Ohun tó gbà ni pé kí ọ̀gá kan fọwọ́ sí i, kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Apá kejì yìí kò rọrùn tó bí èèyàn ṣe lè rò, nítorí wọ́dà tó ti ń dá ọmọ padà láti ọdún pípẹ́ lè máa bá àṣà rẹ̀ lọ bí kò bá rí ìwé lójú ògiri. Ìdíwọ́ mìíràn sì ṣì wà. Àtìmọ́lé tó tóbi jù tí San Francisco ní, San Bruno ló wà, níta ìlú lọ́hùn-ún níhà gúúsù, nínú káúńtì mìíràn. Ọmọ tí òfin ti gbà láyè ṣì ní láti wá owó ọkọ̀.

Ohun tí San Francisco gbà lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ní New York. Ní erékùṣù Rikers, níbi tí àtìmọ́lé ìlú náà wà, ọmọ ọdún 16 lè dá wá, àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ mú àgbàlagbà dání. Òfin ìlú náà tún sọ pé kí àlejò àti ẹni tó wà látìmọ́lé lè fọwọ́ kan ara wọn, kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Kò túmọ̀ sí pé ìbẹ̀wò Rikers rọrùn. Afárá kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀, bọ́ọ̀sì Q100 láti Queens ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀, àyẹ̀wò lórí àyẹ̀wò sì lè jẹ gbogbo ọjọ́ tán. Ìdí kan tí ìgbìmọ̀ ìlú fi pinnu ní 2019 láti ti Rikers pa ni pé ó jìnnà sí ẹbí àti sí ilé ẹjọ́. Síbẹ̀, àpẹẹrẹ New York dáhùn ẹ̀rù tó ń ba àwọn ṣẹ́rífù kan. Ìlú tí àtìmọ́lé rẹ̀ kún fún wàhálà tó báyìí ń gba ọmọ ọdún 16 wọlé, ó sì ń jẹ́ kí ó di bàbá rẹ̀ mọ́ra. Ó ṣòro láti gbà gbọ́ pé káúńtì kékeré kan tí àwọn wọ́dà rẹ̀ mọ gbogbo ìdílé tó ń wá kò lè ṣe irú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ káúńtì kékeré kò tilẹ̀ sí nídìí àríyànjiyàn gíláàsì mọ́, ojú ẹ̀rọ ni wọ́n gbé ìbẹ̀wò lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ìpè tẹlifóònù fún àtìmọ́lé á gbé ẹ̀rọ fídíò wá láìgba owó ìbẹ̀rẹ̀, káúńtì á sì máa gba ìpín nínú owó tí àwọn ẹbí ń san. Àjọ Prison Policy Initiative wádìí èyí, ó sì gbé ìròyìn jáde ní 2015 pé nínú ọgọ́rùn-ún àtìmọ́lé tó gbé fídíò wọlé, 74 ló fòpin sí ìbẹ̀wò ojúkojú. Ní àwọn ibòmíràn, ẹni tó bá wá sí àtìmọ́lé fúnra rẹ̀, iwájú ẹ̀rọ náà ni wọ́n máa mú un jókòó, tí òbí rẹ̀ sì wà nínú ilé kan náà. Fídíò ní àǹfààní fún ẹni tó jìnnà, tàbí fún ọjọ́ iléèwé. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ tó ń já, tí àwòrán rẹ̀ ń dì, tí èèyàn kò lè wo ẹyinjú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ nítorí ibi tí kámẹ́rà wà, kò lè jẹ́ kí ọmọ ọdún 15 mọ̀ bóyá òótọ́ ni bàbá rẹ̀ ń sọ nígbà tó ní ara òun le.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ṣòfin. Texas ṣe é ní 2015 pé kí àtìmọ́lé káúńtì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀wò ojúkojú méjì lọ́sẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, àmọ́ wọ́n yọ àwọn káúńtì tó ti náwó sí fídíò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ní California, aṣòfin gbé irú rẹ̀ wá ní 2016, gómìnà Jerry Brown kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin tó dín àṣà fífi fídíò rọ́pò ìbẹ̀wò ojúkojú kù wá kọjá. Massachusetts ṣe tirẹ̀ ní 2018. Àrùn kòrónà ti gbogbo ilẹ̀kùn pa ní 2020, ibòmíràn kò sì tíì ṣí i bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹta 2024, àwọn ọmọ àti òbí ní káúńtì méjì ní Michigan, St. Clair àti Genesee, gbé ṣẹ́rífù wọn àti àwọn ilé iṣẹ́ ìpè náà lọ sílé ẹjọ́ ìpínlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ṣẹ́rífù àti ilé iṣẹ́ náà ta ẹ̀tọ́ tí ọmọ ní láti rí òbí rẹ̀ nítorí owó. Owó ìpè ni Martha Wright-Reed náà bá jà. Ìyá àgbà tí kò ríran ni, ní Washington, D.C., tó bẹ̀rẹ̀ ìjà nítorí iye tó ń ná láti bá ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́wọ̀n. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó fún FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, lágbára láti fi ààlà sí iye owó ìpè àti fídíò lẹ́wọ̀n àti látìmọ́lé, kò jáde títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Martha ti kú kí òfin náà tó jáde.

Ṣé ìbẹ̀wò ń ṣe ọmọ lóore? Àwọn olùwádìí kò dáhùn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan. Julie Poehlmann àti Rebecca Shlafer, tí wọ́n ti pẹ́ lórí iṣẹ́ yìí, ti fi hàn pé gíláàsì àti ìfìyàjẹni ẹnu ọ̀nà lè da ọkàn ọmọ rú, àwọn kékeré ní pàtàkì, bí ẹnikẹ́ni kò bá múra wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wọn tó jáde ní 2010 lórí ọmọ 57, àwọn tí kò rí òbí wọn, tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá, ni ọkàn wọn kúrò lọ́dọ̀ òbí náà jù. Ní ti òbí, Minnesota wo ẹlẹ́wọ̀n 16,420 tí wọ́n tú sílẹ̀ láàárín 2003 sí 2007, wọ́n sì rí i pé ẹni tí wọ́n bẹ̀ wò ní ewu tó fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láti tún jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà gan-an ni òbí ṣẹ̀, tàbí ìyá rẹ̀ ni bàbá lù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Adájọ́ lè ti pàṣẹ pé kí wọ́n má ríra, àṣẹ yẹn sì ga ju òfin ṣẹ́rífù lọ.

Ibí yìí ni ọ̀dọ́langba ti yàtọ̀ sí ọmọ kékeré jù lọ. Ọmọ kékeré, wọ́n á gbé e lọ ni. Ọmọ ọdún 16 lè ní òun ò lọ. Ó lè máa bínú, ojú lè máa tì í, tàbí kó jẹ́ pé ìgbà kẹrin tí wọ́n máa mú òbí rẹ̀ nìyí, tó sì ti sú u. Àgbàlagbà tó ń wọ́ ọ lọ nítorí pé òbí ni òbí ń jẹ́ kò ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ láti dá lọ sì ní ẹ̀tọ́ láti dá dúró sílé nínú: ọmọ tó mọ̀ pé òun lè lọ ní ọjọ́ tó bá wu òun lè kọ lẹ́tà lóṣù yìí, kó sì wọ bọ́ọ̀sì lóṣù tó ń bọ̀.

Fún ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìjọba, ìbẹ̀wò tún ní ọ̀rọ̀ òfin nínú. Òfin àpapọ̀ ti 1997 ní bí ọmọ bá ti lo oṣù 15 nínú oṣù 22 lọ́dọ̀ alágbàtọ́, kí ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgbésẹ̀ láti gba ẹ̀tọ́ òbí lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Òbí tí kò rí ọmọ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn kò ní ohun púpọ̀ láti sọ níwájú adájọ́. Ní California, ọmọ tó ti pé ọdún 12 lè sọ fún ilé ẹjọ́ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n já okùn náà, adájọ́ sì ní láti ka ohùn rẹ̀ sí. Ọmọ tó ń rí òbí rẹ̀ ló mọ ohun tí òun fẹ́ sọ nípa rẹ̀.

Ní àwọn ibi kan, àwọn tí kì í ṣe ẹbí ló ń di àlàfo náà. W. Wilson Goode, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ìlú Philadelphia, jẹ́ ọ̀dọ́langba nígbà tí wọ́n rán bàbá rẹ̀ lẹ́wọ̀n, ó sì máa ń sọ pé pásítọ̀ ìjọ òun àti ìyàwó rẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun ṣìnà. Ní 2000 ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń so àgbàlagbà láti inú ìjọ mọ́ ọmọ ẹlẹ́wọ̀n kọ̀ọ̀kan, ó sì fún un ní orúkọ Igbo, Amachi. Ètò náà ti dé Pittsburgh. Ní àtìmọ́lé káúńtì Allegheny tó wà níbẹ̀, yàrá kan wà fún ọmọ àti òbí tí kò sí gíláàsì láàárín wọn.

Gbogbo ohun tí ọ̀dọ́langba rí gbà lọ́dọ̀ káúńtì lè dópin ní ọjọ́ kan. Bí ilé ẹjọ́ bá dá òbí lẹ́bi, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì gùn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ ni wọ́n á gbé e lọ, òfin mìíràn ló sì wà níbẹ̀. Ní California, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kí àlejò di ẹlẹ́wọ̀n mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè wọlé láìsí àgbàlagbà, àfi tí ilé ẹjọ́ bá ti kà á sí ẹni tó dá dúró. Ọmọ ọdún 17 tó ń dá lọ wo bàbá rẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì ní San Francisco lánàá wá lè fọwọ́ kàn án báyìí, bó bá rí ẹni mú un lọ. Pelican Bay, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà náà, wà nítòsí ààlà Oregon, ìrìn ọ̀pọ̀ wákàtí ni láti San Francisco. Ètò kan tó ń jẹ́ Get on the Bus, tí Arábìnrin Suzanne Jabro dá sílẹ̀, máa ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ àti àwọn tó ń tọ́ wọn lọ sí àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ní àkókò Ọjọ́ Ìyá àti Ọjọ́ Bàbá.